Orin Àwọn Tí Kò Sùn: Rédíò Lẹ́yìn Aago Méjìlá Òru

Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń fọ abọ́, ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó fi earpiece kan ṣoṣo sétí, gbogbo yín ni mo kí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí náà la kọ sílẹ̀ síbí.

Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe Afrobeats, kì í ṣe amapiano. Orin kíláásíkà ni, pàápàá jù lọ orin àwọn ẹgbẹ́ akọrin àtijọ́, èyí tó ti wà láti 400 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí rédíò máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti sùn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn kan ti ń lọ síbi tí wọ́n á ti fo ètò yìí. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Bí kò bá wọ̀ yín létí, ẹ máa lọ, mi ò ní bínú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí, àwọn tó wà lójúfò lóru ni wọ́n kọ ọ́ fún. A wá sọ ọ́ di oògùn oorun. Ẹ wá "orin fún oorun" lórí YouTube, ẹ máa rí fídíò oníwákàtí mẹ́jọ tí àwòrán òṣùpá wà lójú rẹ̀. Èmi ò bá ẹni tó fẹ́ sùn jà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi orin yìí sùn lójoojúmọ́, a ò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láéláé. Ibi tí mo ti rí i pé èèyàn ṣì lè gbọ́ ọ bó ṣe yẹ ni rédíò òru.

Òru ni ìgbà rédíò

Àwọn bàbá àgbà wa mọ ohun kan tí àwa tí a bá íntánẹ́ẹ̀tì láyé kò mọ̀. Tí ẹ bá ní rédíò àtijọ́ tó ń gba medium wave, tí a ń pè ní MW, àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí nìkan lẹ máa gbọ́ dáadáa lọ́sàn-án. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti òkèèrè, tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tí atẹ́gùn ń gbé. Kì í ṣe idán. Ìpele kan wà lójú sánmà tí oòrùn ń dá sílẹ̀, òun ló máa ń gbé ìgbì rédíò yẹn mì lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá wọ̀, ìpele yẹn á pòórá, ìgbì náà á wá kan ìpele mìíràn tó ga jù ú lọ, á ta padà sílẹ̀ níbi tó jìnnà réré. Nítorí náà, kí Wi-Fi tó dé rárá, òru ni ayé máa ń súnmọ́ ara wọn lórí rédíò.

Lóde òní, orí fóònù la ti ń gbọ́ ọ. London ni mo ń gbé, iṣẹ́ olóòtú ètò ni mo sì ń ṣe: èmi ni mò ń gé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, tí mò ń yọ ikọ́ àti "ẹ̀n-ẹ́n" kúrò, tí mò ń fi orin sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn sábà máa ń wọ òru. BBC ní rédíò kan níbí tó ń jẹ́ Radio 3. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946 ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí BBC dá Third Programme sílẹ̀, rédíò tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Orúkọ Radio 3 dé ní 1967. Ní báyìí, tó bá ti di nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ òru, ètò kan tó ń jẹ́ Through the Night á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní í dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni, orin lórí orin, àti ohùn atọ́kùn kan tó ń sọ orúkọ orin, ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó kọ ọ́ lórin, àti ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀.

Kì í ṣe BBC nìkan ló ni orin yẹn. Ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, EBU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fún ara wọn ní ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Nítorí náà, láàrin òru kan ṣoṣo, ẹ lè gbọ́ akọrin láti Poland, kí fáyólìn láti Denmark tẹ̀lé e, kí ẹ tún bá ara yín nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Switzerland kí ilẹ̀ tó mọ́. BBC tún ń ṣe irú ètò òru yìí, Euroclassic Notturno, fún àwọn rédíò mìíràn ní Yúróòpù.

Ohun tí playlist kò lè fún yín

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀ bí olóòtú. Nínú iṣẹ́ wa, ọ̀tá ni ìdákẹ́jẹ́. Tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá mí, a gé e. Tí orin bá ń parí, òmíràn ti gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́: tí kò bá gbọ́ ohùn kankan fún ìgbà díẹ̀, á rò pé nǹkan ti bàjẹ́, á sì gbé nǹkan mìíràn sáfẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, Radio 3 fẹ́ gbé iṣẹ́ John Cage kan jáde, 4'33", nínú èyí tí ẹgbẹ́ olórin á jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láìlu ohunkóhun. Wọ́n ní láti pa ẹ̀rọ aṣọ́dàákẹ́jẹ́ yẹn ná kí ó má baà da ètò rú. Ẹ ò rí i, rédíò tó pa ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí kí ìdákẹ́jẹ́ lè ráyè!

Ní òru, irú àyè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Tí ẹgbẹ́ akọrin bá kọrin tán nínú ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta, ohùn wọn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa yí kiri lókè àjà, á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sáré sọ̀rọ̀ lé e lórí. Lọ́sàn-án, nínú ariwo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, ẹ ò lè gbọ́ apá yẹn rárá.

Ohun kejì ni pé ẹ ò lè fò ó. Fóònù wa mọ ohun tí a fẹ́ràn lánàá, òun náà ló sì máa ń gbé fún wa lónìí. Rédíò kò mọ̀ yín rí. Á fún yín ní ohun tí ẹ kò ní bèèrè láé, nítorí pé ẹ ò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn kan á sọ pé atọ́kùn òru ló dùn mọ́ àwọn, pé ó dà bíi pé ẹnì kan ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nítorí pé iṣẹ́ mi ni, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí díẹ̀: atọ́kùn yẹn ti lọ sílé tipẹ́. Wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ní aago mẹ́ta òru tó ń kí yín jẹ́ẹ́jẹ́, ó ṣeé ṣe kó máa hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ta wá ni ẹlẹgbẹ́ wa? Àwọn yòókù tó ń gbọ́ ni. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, nọ́ọ̀sì, ọmọ yunifásítì tó ní ìdánwò, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Ohùn kan náà ló ń wọ etí gbogbo wọn ní àkókò kan náà. Playlist kò lè fún yín ní ìyẹn, torí pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀.

"Ṣé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn ni?"

Àǹtí mi kan ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń ṣe nílùú yìí nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí oorun kì í kùn, Radio 3 sì ni bàbá yẹn máa ń ní kí wọ́n tan sílẹ̀ fún òun. Àǹtí kò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí orin òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n pè mí ní Sátidé kan.

Wọ́n ní, "Ìwọ tó o gbọ́ nípa rédíò, àwọn tó ń kọ irú orin tí kò nílù yẹn, ṣé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn ni? Torí ó jọ pé wọ́n mọ bí aago mẹ́ta òru ṣe rí."

Mo ní, "Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn."

Wọ́n ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Àlàyé rẹ̀ rèé. Ní nǹkan bí ọdún 530, ọkùnrin kan ní Ítálì tó ń jẹ́ Benedict kọ òfin sílẹ̀ fún àwọn mọ́ńkì, bí wọ́n ṣe máa jẹun, tí wọ́n máa ṣiṣẹ́, tí wọ́n máa gbàdúrà. Orí kẹjọ òfin náà sọ̀rọ̀ nípa òru: nígbà òtútù, ní wákàtí kẹjọ òru, nǹkan bí aago méjì lójú tiwa, kí wọ́n dìde kí wọ́n lọ kọ Sáàmù. Lójoojúmọ́ ni o! Ẹ rò ó wò: ìṣọ́ òru tí kì í ṣe Fúráìdé ìparí oṣù nìkan, alaalẹ́ ni, fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Inú irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ni orin yẹn ti dàgbà. Kò sí ìlù, kò sí àtẹ́wọ́. Ohùn nìkan, nínú òkùnkùn, nínú òtútù.

Wọ́n ní orin fún ìgbà tí wọ́n fẹ́ lọ sùn náà. Thomas Tallis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1585, kọ orin sí Te lucis ante terminum, àdúrà tí wọ́n máa ń gbà kí ilẹ̀ tó ṣú tán, pé kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn lóru, kí àlá burúkú má dé bá àwọn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ àdúrà yẹn? Wọ́n tún ní ìsìn kan ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, Tenebrae, níbi tí wọ́n ti ń pa àbẹ́là lọ́kọ̀ọ̀kan bí orin ṣe ń lọ, títí ilé á fi ṣókùnkùn. Tomás Luis de Victoria, ará Sípéènì, tẹ orin rẹ̀ fún ìsìn yẹn jáde ní 1585. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lábẹ́ iná mànàmáná lọ́sàn-án ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú òkùnkùn ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn mọ́ńkì nìkan ló ní irú nǹkan báyìí. Níbo ni fújì ti wá? Inú wéré ni, orin ajísààrì, tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí máa ń kọ kiri àdúgbò lóru Ramadan láti jí àwọn èèyàn fún sààrì. Ibẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di fújì. Orin tí gbogbo wa ń jó sí lóde ìnáwó, àwọn tí kò sùn ló bí i. Nítorí náà, tí ẹ bá ń gbọ́ orin mọ́ńkì ní aago méjì òru, ẹ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni, òru kan náà ni.

Orin inú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ó ṣàlàyé ìdí tí earpiece fi bá orin yìí mu. Nígbà ọbabìnrin Elizabeth kìíní, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ìsìn Àgùdà léèwọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn á san owó ìtanràn. Wọ́n pa àwọn fadá. William Byrd, ọ̀kan nínú àwọn olórin ọbabìnrin náà gan-an, Àgùdà paraku ni. Láàrin 1592 sí 1595, ó tẹ orin Máàsì mẹ́ta jáde, ọ̀kan fún ohùn mẹ́rin, ọ̀kan fún mẹ́ta, ọ̀kan fún márùn-ún. Kò fi ojú ewé àkọ́kọ́ sí i, orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sí níbẹ̀. Ilé àwọn olówó tó jẹ́ Àgùdà ni wọ́n ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, tí etí wọn ò kúrò lójú ọ̀nà.

Orin yẹn kò nílò gbọ̀ngán. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ pariwo. Tí ẹ bá fi earpiece gbọ́ ọ nínú yàrá yín, tí ẹ rọra kọrin rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé má baà jí, bí ó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Etí Yorùbá dára fún un

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Orin òyìnbó, kí ló kàn wá?" Ìdáhùn mi kò gùn. Ní Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, T. K. E. Phillips ni olùdarí orin láti 1914 títí di 1962. Òun ló kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Ọ̀kan lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé tí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orin ìsìn òyìnbó, orin á yí ohùn ọ̀rọ̀ po. Ẹ fẹ́ kọ ọkọ̀, orin á fà yín lọ sí ọkọ́. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, wà lára àwọn ọmọdé tó kọrin lábẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí London, ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú BBC nígbà ogun lórí ètò tí wọ́n ń gbé sí Áfíríkà, ó sì kọ African Suite ní 1944. Apá kan nínú rẹ̀, Akinla, ni rédíò CBC ní Kánádà fi ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò Gilmour's Albums fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣówándé padà sílé, ó sì darí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ wa. Ọwọ́ wa ti wà nínú ọbẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí ìyá wa.

Tí a bá dé orí gbígbọ́ gan-an, ẹ ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní. Ẹ ti mọ lílé àti ègbè láti kékeré: ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè é. Nínú orin Tallis tàbí Byrd, gbogbo wọn ló ń lé, kò sẹ́ni tó ń gbè. Ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, kó tó parí ẹlòmíràn á ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e. Spem in alium tí Tallis kọ ní nǹkan bí 1570 ní ohùn 40, tí wọ́n pín sí agbo mẹ́jọ, márùn-ún nínú agbo kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú orin tirẹ̀. Ìgbà tí gbogbo 40 bá wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa mọ̀. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣe é báyìí

Ẹ yan òru kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí tí oorun kò bá dá. Dípò kí ẹ máa fi ìka fa Instagram sókè sódò, ẹ wá rédíò kíláásíkà kan lórí fóònù yín, ẹ dojú fóònù bolẹ̀. Ẹ má wo orúkọ orin. Tí àwọn akọrin bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo wọn. Ẹ mú ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ, báàsì, kí ẹ tẹ̀ lé e nìkan fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ bá èyí tó ga jù. Tí orin bá parí, ẹ dúró de ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, rédíò kò bàjẹ́.

Tí oorun bá gbé yín lọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí kò bá gbé yín lọ, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ilé, tàbí ìwé ìgbélùú, tàbí ẹni tó já yín sílẹ̀ ló ń yí lọ́kàn yín ní aago mẹ́ta, ẹ rántí pé àwọn tó kọ orin yìí ti wà lójúfò ní wákàtí yẹn rí. Wọn ò sọ pé òru kò ṣókùnkùn. Wọ́n kàn dìde sínú rẹ̀, wọ́n kọrin.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tèmi gẹ́gẹ́ bí olóòtú. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, iye olùgbọ́ la máa ń wò, òru sì ni wọ́n ti ń kéré jù. Ohun tí èèyàn ń fi sùn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá pa á. Ohun tí èèyàn ń gbọ́ tọkàntọkàn ni èèyàn máa ń gbèjà. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, orin tó bá yín lóru àti aago tó lù nígbà náà. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó dìgbà o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sùn, ẹ sùn re. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú àìsùn.